Ọdún Méjì Lára Kọ́ìnì Kan

4.

…èyí tó ṣẹ́ kù rèé. Ẹ má bi mí pé ẹ̀kínní sí ẹ̀kẹta ńkọ́. Látọjọ́ tí mo ti ṣubú nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, bí ọ̀rọ̀ bá ṣe wá sí mi lórí ni mo ṣe ń kọ ọ́.

5.

Ohun tí àìsàn náà mú lọ:
ọwọ́ ọ̀tún mi (ó ti dá a padà, Ọlọ́run ṣeun)
orúkọ àwọn oníbàárà kan
sùúrù, àmọ́ ìyẹn ò pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó fún mi:
gbogbo nǹkan, ní méjì méjì.

6.

Mo fẹ́ ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́ méjì ló yọjú. Mo mú ọ̀kan. Èyí tí kò sí ni mo mú.

Aránṣọ tí kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kí ló kù tó fẹ́ ṣe?

7.

Dókítà ojú ní: “Ó lè padà sípò, ó lè má padà. Nǹkan kéékèèké ni kẹ́ ẹ máa wò. Ẹ má sì di ojú kan o. Ẹ jẹ́ kí méjèèjì jọ ṣiṣẹ́.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà méjèèjì.

8.

Àbúrò mi ọkùnrin ń tún aago ṣe ní òdìkejì òpópónà. Jẹ́jẹ́ là ń pè é, torí bí ẹni mú ẹyin ló ṣe ń mú ohun gbogbo. Ó tún máa ń kó kọ́ìnì àtijọ́ jọ. Ọjọ́ tí mo ti ilé ìwòsàn dé, ó gbé odidi abọ́ kọ́ìnì kan wá bá mi, àti awò ńlá ẹlẹ́sẹ̀ tó ń sọ kékeré di ńlá. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á wá jókòó tì mí.

9.

*Ìwé tó wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Jẹ́jẹ́*

Ẹ JỌ̀Ọ́, Ẹ MÁ FỌ KỌ́ÌNÌ.
Ẹ MÁ FI EÉRÚ BÓ O.
TẸ́ Ẹ BÁ TI FỌ Ọ́, Ẹ MÁ JẸ́ N GBỌ́.

10.

Ohun tó kọ́ mi. Bí ọdún tó wà lára kọ́ìnì bá jẹ́ méjì, rọra. Tó bá jẹ́ ara òǹtẹ̀ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ ní méjì, nọ́ńbà méjèèjì á yọ gọ́ńgọ́, wọ́n á sì pínyà létí. Ìyẹn níyì. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló kàn mì, èkejì á tẹ́ pẹrẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àkọ́kọ́ bí ìpele àtẹ̀gùn. Ìyẹn, fi ra búrẹ́dì.

“Tó bá wá jẹ́ ojú ẹni tó ń wò ó ńkọ́?”

Ó ti kọ́ìnì míì sábẹ́ awò fún mi.

11.

ÈMI: Jẹ́jẹ́, wá wo eléyìí. Ọdún rẹ̀ jẹ́ méjì.
JẸ́JẸ́: Ẹ jẹ́ n rí i. Háà! Àǹtí mi, méjì ni lóòótọ́!
ÈMI: O rí i?
JẸ́JẸ́: Kedere. Ojú yín ti là nìyẹn!

12.

Ó yá jù. Ẹni tó máa ń fi ìdajì ọjọ́ wo inú aago kan.

13.

*Àtẹ̀jíṣẹ́ Jẹ́jẹ́*

Àǹtí mi, ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ fi kọ́ìnì yín ránṣẹ́ sáwọn tó ń yẹ kọ́ìnì wò. Wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á sé e mọ́nú ike. Owó wọn le o, àmọ́ èmi ni n ó san án. Ẹ má dààmú.

14.

Tó bá jẹ́ ojúlówó: èrè á ju owó ìyẹ̀wò lọ.

Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ló mì: owó Jẹ́jẹ́ ti wọgbó.

Tó bá jẹ́ ojú mi:

15.

*Àtẹ̀jíṣẹ́ mi*

Má tíì fi ránṣẹ́. Máa bọ̀.

16.

ÈMI: Sọ òótọ́ fún mi. Mélòó lo rí?
JẸ́JẸ́: Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù ná.
ÈMI: Ọmọ ìyá mi.
JẸ́JẸ́: Ẹyọ kan. Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ẹ̀rín yín kẹ́yìn.
ÈMI: O wá fẹ́ sanwó káwọn àjèjì lè sọ ọ́ fún mi?
JẸ́JẸ́: Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Mo ní kí èsì tó dé, ojú yín á ti san.

17.

Ó yẹ kí n bínú. Mo gbìyànjú ẹ̀, kò wá. Ta ló tún máa purọ́ fún mi, táá tún sanwó irọ́ ọ̀hún? Ẹ̀yìn tí mo fi pọ̀n ọ́ kò ṣòfò. O ṣeun, àbúrò mi. O ṣeun, o ṣeun.

18.

ÈMI: Ó dáa. Tún un wò.
JẸ́JẸ́: Àǹtí mi…
ÈMI: Bó o ṣe ń wo aago oníbàárà. Lábẹ́ nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn. Méjì ni mo ṣì ń rí.

19.

Ó bẹ̀rẹ̀ wo inú awò. Èmi náà ń wò ó. Orí kan. Etí méjì, bó ṣe yẹ. Àpá kan ní ìpàkọ́. Mo yíjú sí abọ́: ẹyọ kan. Ilẹ̀kùn: ẹyọ kan. Mo padà wo àbúrò mi, ẹ̀rù ń bà mí kó má tún pín sí méjì.

Kò pín.

20.

JẸ́JẸ́: (kò tíì gbórí sókè) Ẹ dúró ná, Àǹtí mi. Ó pínyà létí. Ẹ dúró…
ÈMI: Jẹ́jẹ́. Ẹyọ kan ni ọ́.