Ìwé Ẹsẹ̀ Tó Wà Lára Ìṣó

Ọjọ́ Ajé ni mo tọrọ àyè níbi tí mo ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn, mo lọ wá ẹ̀bùn ìrántí tí àlejò wa máa gbé lọ sí ìlú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo wọ̀. Kí ni mo rí? Ife tí wọ́n ya òdòdó sí, ohun tí wọ́n ń fi kọ́ kọ́kọ́rọ́, aṣọ ìnura tí kò lè nu ojú ológbò gbẹ. Olójà ní, "Màmá, gbogbo àlejò ló ń ra ife yìí o." Mo ní ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ ẹ. Síbẹ̀ mo ra ọ̀kan, torí ojú ń tì mí láti jáde lọ́wọ́ òfo.

Àlejò ọ̀hún kì í ṣe àlejò lásán. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ wa lọ kó tó kú ló kọ lẹ́tà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ láti òkè òkun, pé wọ́n máa lo oṣù mẹ́sàn-án, ta ló ní yàrá tó ṣófo? Èmi ni mo ní yàrá tó ṣófo. Mi ò bi ọkọ mi kí n tó fọwọ́ síwèé. Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fún wa dé, tó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ọkọ mi wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Àgùntáṣọólò dé." Orúkọ tó ń jẹ́ nílé wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ọmọ kan ṣoṣo la bí, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kú. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, ọkọ mi kò dárúkọ rẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀, orúkọ ọmọ yẹn ni mo fi ń pe bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà, "ẹ gbọ́ ná" ni mò ń pè é, bí ẹni ń pe ará ọ̀nà. Bí mo bá ní kí a jọ sọ̀rọ̀ ọmọ wa, á mú òòlù, á dojú kọ bàtà oníbàtà. Inú máa ń bí mi. Mo gbà lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ti gbàgbé ọmọ mi. Ohun kan ṣoṣo tí mò ń wá ni pé kó sọ̀rọ̀ rẹ̀ lójú mi, ì báà ṣe gbólóhùn kan.

Aránbàtà ni ọkọ mi. Bó bá fẹ́ rán bàtà fún ọ, á ní kí o dúró lórí ìwé, á fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ rẹ po, á sì fi ìwé náà kọ́ ìṣó lára ògiri, lórí ti àwọn tó ṣáájú rẹ. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe é, bàtà rẹ̀ kò sì fún ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀ rí. Nígbà tí mo gbé ife mi délé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Èyí? Kó fi mumi kó wá rántí kí ni? Fi sílẹ̀ jàre. Màá rán bàtà fún un."

Lójú ẹsẹ̀ ló ya ẹsẹ̀ Àgùntáṣọólò. Díẹ̀ ló kù kí ìwé má gbà á. "Ṣé ẹsẹ̀ nìyí àbí ọkọ̀ ojú omi?" ló wí, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti jókòó ti iṣẹ́ náà. Ó ń gé awọ, ó ń rán an, ó ń súfèé. Súfèé! Ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ lọ́wọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń súfèé fún; tèmi, kò tiẹ̀ lè sunkún rẹ̀. Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ gbàgà, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ló gbé bàtà náà jáde. Kí n má purọ́, ó rẹwà: awọ pupa rúsúrúsú, pẹ̀lú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn ẹsẹ̀. Àgùntáṣọólò jókòó, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìka ẹsẹ̀ wọlé, gìgísẹ̀ kọ̀. Ó tì í, ó tún tì í, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Bàtà yìí dára gan-an, Bàbá," ló wí. "Ẹsẹ̀ mi ni kò dára."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi dìde, ó wọ inú ìsọ̀, mo tẹ̀ lé e. Mo wo ara ìṣó: ìwé Àgùntáṣọólò ṣì wà lókè pátápátá, bó ṣe fi kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ ti fò ó, ó ti lọ fa ti ìsàlẹ̀ yọ. Orí tábìlì ni èyí tó fi gé awọ wà, ó ti pọ́n látọjọ́ pípẹ́, orúkọ tí ọmọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ kọ sì wà ní igun rẹ̀.

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. "Bàtà ọmọ mi ni mo rò pé mò ń rán," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, mo gbàgbé pé ó ti kú."

Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo fi bá a gbé ilé kan tí mi ò rí òógùn rẹ̀. Mo di orí rẹ̀ mú mọ́ ikùn mi, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Àgùntáṣọólò wá sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí a jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun gbé bàtà náà lọ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi mi orí. "Má bínú, ọmọ mi. Èyí kì í ṣe tìẹ. Màá rán tìẹ, màá sì fi í ránṣẹ́."

Ife tí mo rà ló gbé lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A dúró títí bọ́ọ̀sì fi yí kọ́nà. Nígbà tí a délé, mo ṣí yàrá, ó ti tún ṣófo, mi ò sì lè wọlé. Mo pe ọkọ mi. Mo pè é bí mo ṣe ń pè é tẹ́lẹ̀, bàbá, pẹ̀lú orúkọ ọmọ wa lẹ́yìn rẹ̀. Ó jẹ́.

Ó mú ìwé ẹsẹ̀ ọmọ wa wá, ó tẹ́ ẹ sórí itan mi. Ìlà pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ náà ká dáadáa, àfi ibi ọmọńdinrín, níbi tó ti fò jáde, tó sì wọ́.

"Wò ó," ló wí, "ibí ló ti rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńsù kàn án, ó bá yẹ ẹsẹ̀."

Mo fi ìka mi lé ibẹ̀.