Wọ́n Ní Ká Wá Omi Ìdọ̀tí Wá

Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n fìyà jẹ èèyàn nítorí pé ó mọ́ tónítóní, kó wá bá mi sọ ọ́. Èmi ti rí tèmi.

Ilé iṣẹ́ táìsì, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ ilé, ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló ni ín, Bàbá sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi fọ rólà níbẹ̀. Rólà la fi ń tẹ òdòdó àti àwọ̀ sára táìsì nígbà náà. Bí a bá fẹ́ kúrò lórí pupa bọ́ sórí búlúù, èmi ni màá fọ rólà. Bí a bá tún fẹ́ padà sórí pupa, èmi náà ni. Dúrọ́ọ̀mù omi mẹ́ta ló ń lọ lójúmọ́, gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ló sì ń gbà jáde pẹ̀lú gbogbo oró inú àwọ̀. Koríko kì í hù létí gọ́tà yẹn. Awọ ọwọ́ mi á bó, á san, á tún bó.

Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá gbé ẹ̀rọ tuntun wọlé láti dán an wò. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Táìsì á kọjá lábẹ́ rẹ̀, yíǹkì á kán síbi tó yẹ kó kán sí nìkan. Kì í fara kan táìsì rárá, nítorí náà èyí tó máa ń fọ́ lábẹ́ rólà kò fọ́ mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ogún, ogún la ó tẹ̀ fún un. A kì í tẹ ẹgbẹ̀rún ká wá da ìyókù sẹ́yìn ilé mọ́. Aṣọ rírọ̀ la fi ń nu ẹnu ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ mi ti ń jinná.

Ṣùgbọ́n a ò tíì gba ìwé àṣẹ. Bí aláyẹ̀wò àyíká ò bá fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ẹ̀rọ ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á, èmi náà ń padà sídìí rólà. Bàbá ti sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì fi ṣeré.

Ọjọ́bọ̀ ni aláyẹ̀wò dé, ọkùnrin oníbàtà dídán kan, tòun ti ìgò kékeré lọ́wọ́.

"Ẹ bu omi tẹ́ ẹ fi fọ rólà síbí."

"A ò fọ rólà mọ́, sà."

"Mo ti gbọ́. Ẹ bu omi ẹ̀ wá."

Mo mú un lọ sídìí gọ́tà. Ó gbẹ táútáú. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ní ó dáa gan-an ni. Inú mi dùn. Ló bá tún ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ìgò ò lè ṣófo, àǹtí. Ohun tí fọ́ọ̀mù wí nìyẹn."

"Ṣebí pé kò sí ìdọ̀tí lẹ wá wò, sà!"

"Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé kò sí, tẹ́ ẹ ò bá fún mi nínú ẹ̀?"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi. Ìlà kan náà ló ń fi bíírò tọ́ka sí. Ó sú mi pátápátá.

Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbèjà mi ni.

"Ìwọ ọmọ yìí, àríyànjiyàn rẹ ti pọ̀ jù. Rólà àtijọ́ ṣì wà ní yàrá ẹrù tòun ti àwọ̀ lára. Lọ fọ ọ̀kan, kó o bu omi ẹ̀ fún ọkùnrin yìí kó máa lọ."

"Bàbá, ṣé ká lọ wá ìdọ̀tí, ká lè fi hàn pé a ò dọ̀tí?"

"Ìgò kan péré ni!"

"Mi ò fọ̀ ọ́."

"Kí lo wí?"

Mo kúnlẹ̀, kó má dà bíi pé mo rí wọn fín. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò fọ̀ ọ́."

Wọ́n yọ ṣùtì sí mi, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n sì lọ gbé rólà kan jáde fúnra wọn. Wọ́n gbé e sínú korobá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ lásán fọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn, wọn ò fọ rólà rí. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n ti ń họ ọrùn ọwọ́.

"Kí ló wà nínú nǹkan yìí gan-an?"

Ta ló yẹ kó mọ̀, bí kì í bá ṣe ẹni tó ń rà á?

Wọ́n bu omi náà sínú ìgò. Ó pọ́n, ó ki, ó ń ro tó lára ìgò. Wọ́n nà án sí aláyẹ̀wò, ọkùnrin náà fò sẹ́yìn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Bàbá! Ẹ má jẹ́ kó kàn mí lára o!"

Ìgbà yẹn ni inú bí mi débi tí n kò lè pa á mọ́ra. Mo na ọwọ́ mi méjèèjì sí i. "Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, sà. Kò sẹ́ni tó sọ pé kó má kan èmi lára."

Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ìgò. Ó kọ "kò sí omi kankan" sórí ìlà náà, ó fọwọ́ sí ìwé, ó bá tiẹ̀ lọ. Ohun tó lè ṣe láti àárọ̀ nìyẹn o!

Bàbá ní kí n wá bá àwọn da omi korobá nù. Mo béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ kí n dà á sí. Wọ́n ronú títí, wọn ò rí ibì kankan. Wọ́n fi ọmọrí dé e, wọ́n gbé e wọ ọ́fíìsì wọn, abẹ́ tábìlì wọn ló sì wà títí di òní.

Lánàá ni wọ́n pè mí, tí wọ́n rọra béèrè irú ìpara tí mo fi ń pa ọwọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní kò sí èyí tó ṣiṣẹ́.