Àwọn Tó Rán Ara Wọn Pọ̀

Ọmọ mi obìnrin ju yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sórí máṣíìnì ìránṣọ mi, ó ní ilẹ̀kùn ló fa sípù rẹ̀ ya. Ilé àlejò iléeṣẹ́ òyìnbó kan ló ti ń tún yàrá ṣe. Mo ti lanu láti pariwo, torí oṣù tó kọjá ni mo fi sípù tuntun sí i, ojú mi sì ń pọ́n. Ni Màámi tó ń tòògbé lórí àga bá nawọ́ gba aṣọ náà, wọ́n fọwọ́ tọ ibi tó ya.

"Ilẹ̀kùn wo ló ní ìka ọwọ́?"

Ọmọ mi yíjú sí ògiri.

Màámi wá tú ọ̀rọ̀ tí n ò gbọ́ rí láyé mi sílẹ̀. "Ọmọge ni mí nígbà tí mo ń fọṣọ nílé ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú wa nígbà yẹn. Èyí tó bá wu òyìnbó náà nínú wa, á kàn fà á wọ yàrá. Nígbà tí a fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní obìnrin dúdú ò mọ ìtìjú, kí ni wọ́n fẹ́ fipá gbà lọ́wọ́ wa? Nílé, àwọn ọkọ ní àwa la ṣẹ́jú sí i. A ò dákẹ́ ṣá, títí wọ́n fi pè wá síwájú adájọ́."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ó bà wá! Kí wọ́n má baà mú wa níkọ̀ọ̀kan, a fi okùn àpò rán apá aṣọ wa mọ́ ara wọn, láti orí mi títí dé orí ìyá tó ń dáná. Adájọ́ ní kí ẹnì kan jáde wá rojọ́. Gbogbo wa la jọ gbéra. Ọlọ́pàá fà wá títí, ó rẹ̀ wọ́n."

Háà! Màámi tó máa ń ní kí n rọra sọ̀rọ̀ torí aládùúgbò! Orí mi wú. Mo ń wò wọ́n bí ẹni tí n ò rí rí.

"Ṣé ẹ jàre?" ni ọmọ mi bi wọ́n.

"Rárá o. Adájọ́ dá òyìnbó ẹgbẹ́ ẹ̀ láre. Ṣùgbọ́n obìnrin kankan ò ṣiṣẹ́ nílé yẹn mọ́. Ajẹ́lẹ̀ fúnra ẹ̀ ló ń fọ ṣòkòtò ẹ̀ títí tó fi kẹ́rù lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú mi. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù rẹ̀, ó pe ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ọ̀gá ṣe fún yín, ó fẹ́ ṣe é fún èmi náà lánàá. Ẹ pe àwọn tó kù. Kí gbogbo yín wọ yúnífọ́ọ̀mù wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá mi."

Mo dìde lọ wá okùn àpò. Màámi ti na abẹ́rẹ́ sí mi.

"Bá mi ki okùn bọ̀ ọ́, ojú mi ò ríran dáadáa mọ́."