Ojú Ìyá Àǹtí Sìlífátù

Èmi Teslim ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́.

Òwúrọ̀ Sátidé ni ìyá Àǹtí Sìlífátù kú ní Ìwó. Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ibẹ̀, ìyẹn mọ́kànlá àárọ̀ tiwa ní Stone Mountain ní Amẹ́ríkà níbí, ni wọn yóò sin ín. Ọdún mẹ́tàlá ni Àǹtí kò ti rí ìyá rẹ̀, nítorí pépà ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde. Yakub àbúrò rẹ̀ ṣèlérí pé kí wọ́n tó bo ojú màmá, òun á fi fídíò pè é. Ojú yẹn nìkan ló fẹ́ rí.

Ó jókòó sí gbọ̀ngán mọ́ṣáláṣí wa, ó di fóònù mú bí ẹni di ẹyin mú. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Downtown ní, "Àǹtí, inú phone kékeré yìí lẹ fẹ́ ti wo màmá? Gbogbo jàmáà ló yẹ kó rí wọn. Ẹ pa á, kí Yakub pe computer. Just five minutes." Àwọn àgbà ní òótọ́ ni mo sọ. Àǹtí ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí Yakub, ó pa fóònù, ó jù ú sínú báàgì.

Íńtánẹ́ẹ̀tì wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà lórí ti gbọ̀ngán. Súwíìṣì kan náà, àpótí tí gbogbo okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń gbà kọjá, ló gbé méjèèjì, bí yàrá méjì tí ògiri là láàárín. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo la ní, okùn kan ló sì so ó mọ́ súwíìṣì. Ti ọ́fíìsì ti wà lórí okùn náà. Ti gbọ̀ngán ni mo fẹ́ fi kún un. Mo sáré tẹ àṣẹ, mo gbàgbé ọ̀rọ̀ kékeré kan, "add", ìyẹn "fi kún un". Súwíìṣì bá gbà pé ti gbọ̀ngán nìkan ni mo fẹ́, ó lé ti ọ́fíìsì jáde. Tẹlifíṣọ̀n tàn, íńtánẹ́ẹ̀tì kú.

N kò tètè mọ ohun tí mo ṣe. Mo yọ okùn, mo tún un kì. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn.

"Teslim, please, jẹ́ kí n tan phone mi."

"Ẹ má ṣèyọnu ma, ó ti ń bọ̀."

Irọ́ ni. Ìgbéraga ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ẹ̀rù sì ń bà mí gidigidi.

Nígbà tí mo rí àṣìṣe mi tí mo tún àṣẹ náà tẹ̀, aago mọ́kànlá ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Yakub yọ nínú tẹlifíṣọ̀n lára ògiri, ó tóbi ju èèyàn lọ, òkìtì erùpẹ̀ pupa wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Àǹtí mi, a dúró títí. A fi ojú wọn sílẹ̀ láìbò, àwọn àlùfáà ń bínú. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo pe phone yín."

Gbogbo jàmáà rí erùpẹ̀ náà, ó hàn kedere.

Àǹtí kò ké. Ó kàn ní, "Teslim, bá mi pa á."

Mo wá bọ́tìnnì tẹlifíṣọ̀n náà títí, n kò rí i.