Sàráà Aríkẹ́

Kò sí ẹni tó lè kọ́ Alhaja Simbiat bí wọ́n ṣe ń sin màlúù ní Agége. Òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Àmọ́ Aríkẹ́, màlúù tó ń fún un ní wàrà jù lọ, ti dá a lágara. Ọmú rẹ̀ wú, ó le gbandi, wàrà inú rẹ̀ sì ti dì ṣìkìṣìkì. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí, pàbó ló já sí. Làsísì alápatà ti gbé okùn dé.

"Alhaja, ẹ jẹ́ kí n máa mú un lọ kó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́."

"Kú? Lójú ta ni? Gbé okùn ẹ, jàre!"

Ó pe Ìbílọlá, dókítà ẹran, ìyẹn sì gba wàrà náà lọ fún àyẹ̀wò. Nígbà tó padà dé, ó ní oògùn tí Alhaja ń lò kò ran àwọn kòkòrò inú ọmú náà mọ́. Oògùn kan péré ló ṣì lè pa wọ́n, ó sì gbé e lé Alhaja lọ́wọ́.

"Alhaja, ṣé ẹ máa ń lo abẹ́rẹ́ yín tán?"

"Tí wíwú bá ti lọ, kí ni mo tún ń gún? Ṣebí àwọn ọmọ ilé-kéú ń retí sàráà wọn!"

Àṣà rẹ̀ nìyẹn. Bí màlúù bá ti gbádùn, wàrà rẹ̀ di sàráà lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí oògùn má bàa wà nínú rẹ̀, á ti tètè dá abẹ́rẹ́ dúró.

"Àwọn tó lágídí jù lára kòkòrò yẹn lẹ ń dá sí, Alhaja. Àwọn ló wá ń bímọ tí oògùn ò ràn mọ́."

Hà! Lórí sàráà! Ó dùn ún dé eegun. "Ó dáa, dókítà. A ó lò ó tán."

Jímọ̀ dé, ọmú ti rọ̀, oògùn ṣì kù. Àwọn ọmọ kéú tò sẹ́nu géètì pẹ̀lú ife. Ojú ti Alhaja, àmọ́ ó da gbogbo wàrà náà sí kòtò níṣojú wọn. "Ẹ máa lọ sílé. Màá ránṣẹ́ pè yín."

Ó lo oògùn náà tán. Ìgbà tí Ìbílọlá tún yẹ wàrà wò, tó ní kò sí kòkòrò, kò sí oògùn, Alhaja sè é títí ó fi hó, ó sì ránṣẹ́. Ta ló tò sẹ́yìn àwọn ọmọ? Làsísì, ife lọ́wọ́, okùn léjìká.

"Sàráà ni mo wá gbà o, Alhaja."

"Wàá gbà. Mú okùn yẹn wá ná. Èyí tí mo fi ń so Aríkẹ́ ti gbó."