Ibi Tí Ọkọ Mi Ń Lọ Lọ́jọ́bọ̀

Mo ti pinnu pé bí Àkàndé kò bá dárúkọ obìnrin náà fún mi kí a tó kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn, ilé bàbá mi ní Abẹ́òkúta ni mo máa gbà lọ, n kò ní padà sí ilé wa ní Igbó-Elérin mọ́. Ìdí nìyẹn tí àpò tí mo dì fún oorun ọjọ́ méjì fi wúwo bí ẹrù ẹni tó ń kó kúrò nílé. Àkàndé gbé e sí èjìká, kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọkọ mi kì í béèrè nǹkan.

Àbúrò mi Títílayọ̀, tó ń gbé ní Ìbà Housing Estate, ló ṣètò ìrìn àjò náà. Ó ní oṣù mẹ́sàn-án ti pé tí èmi àti Àkàndé ti ń gbé inú ilé kan náà bí àlejò méjì, pé kí a lọ sí etí òkun kí a lọ sinmi, bóyá a máa tún rí ara wa. Títílayọ̀ kàwé gan-an, ó gbà pé kò sí ohun tí ìsinmi ò lè tún ṣe. Mi ò tíì sọ ti Ọjọ́bọ̀ fún un.

Oṣù mẹ́sàn-án náà ni Bíọ́dún ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló mú un lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ sin ín, àwọn obìnrin dì mí mú nínú yàrá, wọ́n sì mú Àkàndé lọ jókòó sílé aládùúgbò, torí pé òbí kì í mọ ojú sàréè ọmọ rẹ̀. Àbáyọ̀mí, ẹ̀gbọ́n Àkàndé, àti àwọn ọkùnrin ìjọ wa ló gbé e lọ. Wọ́n dé, wọ́n ní kí Ọlọ́run fi ṣe àṣemọ, kò sì sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Láti ọjọ́ náà ni àdúgbò ò ti pè mí ní Ìyá Bíọ́dún mọ́. Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Àkàndé ò sunkún. Iṣẹ́ rewáyà, títún iná ọkọ̀ ṣe, ló ń ṣe ní Okokomaiko, ọjọ́ kẹjọ ló sì ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà ni Ọjọ́bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, bó bá ti di aago mẹ́ta, á ní òun ń lọ ra wáyà ní ọjà Alaba. Mi ò rí wáyà kankan rí. Bó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, á kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó kí mi, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ ṣòkòtò tó wọ̀. Ọdún kẹrìnlélógún rèé tí a ti fẹ́ra, ọkùnrin yìí ò fọ ṣòkòtò rí. Èmi tí mò ń rán sùtánà fún àwọn ìjọ aláṣọ funfun, tí àwọn obìnrin ń tú àṣírí ọkọ wọn sí létí bí mo bá ń wọn èjìká wọn, ṣé èmi ni wọn ò ní sọ irú ẹ̀ fún? Mo mọ̀ pé obìnrin ni. Mo tiẹ̀ mọ̀ pé èyí tó ṣì lè bímọ ni.

Ọkọ̀ ojú omi gbé wa láti Ọ̀jọ́ kọjá ọ̀sà. Yàrá wa ní òtẹ́ẹ̀lì náà kọjú sí òkun. Wọ́n ká táwẹ̀lì bí ẹyẹ méjì tó ń fẹnu kanra sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n da òdòdó pupa yí i ká.

"Ṣé jíjẹ ni?" mo bi í.

Àkàndé rẹ́rìn-ín. Inú bí mi pé ẹ̀rín rẹ̀ ṣì ń wù mí.

Ní ọjọ́ kejì, a rìn lọ létí òkun ní òwúrọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó sì pè mí ní Àyọ̀ká, oríkì tó fi tàn mí wọlé nígbà tí a kéré. Ó yọ eegun ẹja kúrò fún mi bí mo ṣe ń jẹun. Ó ń ṣe dáadáa, èmi sì ń rò ó pé ẹni tó ṣẹ̀ ni í ṣe dáadáa tó báyìí. Nígbà tí a jókòó sábẹ́ igi àgbọn, mo sọ fún ara mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

"Bàbá Bíọ́dún," mo pè é.

Ó ta gìrì. Láti ìgbà tí ọmọ ti lọ, mi ò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

"Ta ni obìnrin tí ẹ ń lọ bá ní Thursday?"

"Obìnrin?"

"Ẹ má fi mí ṣe mùmú. Ẹ ń wẹ̀ kí ẹ tó kí mi. Ẹ ń fọ ṣòkòtò. Ẹ kàn sọ ọ́, kí n máa lọ."

"Yẹ̀pẹ̀ ni mò ń fọ̀," ó ní. "Mi ò fẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ kàn ẹ́."

"Yẹ̀pẹ̀ ibo?"

"Ibi tí wọ́n sin ín sí."

Ó ní lọ́jọ́ ìsìnkú náà, òun purọ́ fún àwọn tó ń ṣọ́ òun pé òun fẹ́ tọ̀, òun gba ẹ̀yìnkùlé jáde, òun fi ọ̀kadà tẹ̀lé bọ́ọ̀sì ìjọ dé itẹ́ òkú kan lẹ́yìn Ìbà. Ọjọ́bọ̀ ni. Láti ìgbà náà ló ti ń lọ ro koríko ibẹ̀.

"Èèwọ̀ ni," mo ní.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò ṣe sọ fún ẹ nìyẹn. Mo ní bó bá máa ṣe èèyàn ní nǹkan, kó ṣe èmi nìkan."

Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi, ó bí mi ju ìgbà tí mo rò pé obìnrin ni lọ. Mo lè bá obìnrin jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ti ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ mi láti oṣù mẹ́sàn-án, ó fi mí sílé pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ.

"Ẹ mú mi lọ."

"Àyọ̀ká, wọ́n ní òbí kì í—"

"Kí ló kù tó fẹ́ ṣe mí?"

Ìgbà yẹn ló tó sunkún. Mo gbé orí rẹ̀ sórí itan mi lórí iyanrìn, àwọn èèyàn ń kọjá, mi ò kà wọ́n sí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, a gbá òdòdó tí wọ́n tún dà sórí bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀, a sì sùn nínú apá ara wa.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ọ̀jọ́ lọ́jọ́ kẹta, Ìbà la gbà lọ tààrà. Àkàndé ṣíwájú láàrin àwọn sàréè, ó rọra ń rìn. Ó dúró níwájú òkìtì ilẹ̀ mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kò sí orúkọ lórí èyíkéyìí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ́ tónítóní, kò sí koríko kan lórí wọn.

"Èwo ni?" mo bi í.

Ó ṣa ewé gbígbẹ kan kúrò lórí ti àárín.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ẹ̀yìn fẹ́ǹsì ni mo wà lọ́jọ́ náà. Èèyàn ni mo rí, mi ò rí ilẹ̀. Ìgbà tí mo fi padà wá, àwọn mẹ́ta yìí ló ṣì jẹ́ tuntun. Mi ò lè bi Bọ̀dá Àbáyọ̀mí, wọ́n á mọ̀ pé mo wá. Ni mo bá ń ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Mo kúnlẹ̀ níbi èkíní, mo gbé ọwọ́ lé ilẹ̀. "Bíọ́dún, màmá ẹ ti dé." Mo dìde, mo lọ síbi èkejì, mo sọ ohun kan náà. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta, ohùn mi ò jáde mọ́. Àkàndé kúnlẹ̀ tì mí, ó sì bá mi sọ ọ́.