Agolo Mẹ́ta Lórí Tábìlì

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú Dosi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ òótọ́: obìnrin náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ti ń tajà ní Àgbádárìgì láti ọdún mọ́kànlá, látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti wà láyé títí ọ̀sà fi gbé e lọ. Iyọ̀, ṣúgà, ọṣẹ, ìṣáná, mílíìkì alágolo, kò sí èyí tí ẹ ò ní rí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Seme. Ìyẹn kí àwọn ológun tó gbàjọba, kí wọ́n tó ti ẹnubodè pa, kí agolo mílíìkì tó di ohun tí àgbàlagbà ń tìtorí ẹ̀ tò lórí ìlà láti àárọ̀ kùtù.

Àsìkò yẹn gan-an ni Tàjùdíìnì dé. Ará Ìsẹ́yìn ni, òun ló ń fi ọkọ̀ Pijó funfun pín mílíìkì fún ilé iṣẹ́ kan. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò dárúkọ mílíìkì rárá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gba omi mu, ó ní Yorùbá tí Ègùn ń yọ nínú ẹ̀ yẹn mà dùn létí òun o, ó bá tirẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè ìyá Dosi tó ń gbé ní Ikoga, Dosi sì sọ pé orúnkún ń dun ìyá náà. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ìgò òróró ìpara kan wá fún ìyá. Lẹ́yìn náà ló pòórá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Gbogbo Pijó funfun tó bá ń kọjá ni Dosi ń nàgà wò.

Nígbà tó padà dé tí Dosi ń bínú, ẹ̀rín ló ń rín.

"Ṣé o rí i? Bí wọ́n ṣe ń tajà nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ tajà kì í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọjà. Á kí èèyàn, á béèrè ará ilé ẹ̀, á fún un ní nǹkan kékeré tí kò tọrọ. Lẹ́yìn náà, á fara pamọ́ díẹ̀ kí wọ́n lè máa wá a."

Dosi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà là á yé e lójúkojú bó ṣe mú un, ó sì rò pé eré ìfẹ́ ni. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!

Láti ọjọ́ náà ni páálí mílíìkì ti ń wọ yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Tàjùdíìnì ní ti àwọn méjèèjì ni. Agolo mẹ́ta péré ni kó máa wà lórí tábìlì, kí àwọn èèyàn lè rò pé ó fẹ́ tán. Ó sì ṣiṣẹ́! Ìyàwó tíṣà, ìyàwó akọ̀wé, gbogbo wọn di ẹni tó ń pe Dosi ní "àǹtí mi". Wọ́n ń gbé ẹja wá, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́. Obìnrin tí ẹnì kan kì í yà kí látìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú! Ká má purọ́, ó dùn mọ́ ọn ju owó lọ.

Sewanu aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ti Dosi, wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan torí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ tí ọmú kò tó. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Dosi ní, "Wọ́n ti sanwó àwọn mẹ́ta yẹn, àbúrò mi. Tún padà wá." Páálí méjìdínlógún ló wà lẹ́yìn ògiri.

Tàjùdíìnì wá dá ọjọ́: ní Sátidé, òun àti ẹ̀gbọ́n òun á lọ mọ ilé ìyá rẹ̀ ní Ikoga. Ìyá sáré ra àga tuntun méjì. Dosi kò rí nǹkan mìíràn rò mọ́. Ọkọ ló ń fẹ́, kì í ṣe mílíìkì.

Ọjọ́rú ni àwọn ṣọ́jà ya dé, ọjà tí wọ́n kó pamọ́ ni wọ́n ń wá. Wọ́n fi bàtà já ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wọ́ páálí síta, wọ́n ní kí Dosi kúnlẹ̀.

"Ta ló ń gbé e wá fún ọ? Dárúkọ ẹ̀, kó o máa lọ sílé."

"Àǹtí, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún wọn!" Sewanu ló pariwo láàárín èrò. "Ẹ má dá ìyà yìí jẹ!"

Dosi gbójú sókè. Ó rí Pijó funfun lẹ́yìn èrò lọ́hùn-ún, ó rí ojú Tàjùdíìnì nínú gíláàsì ọkọ̀ náà. Ó rántí ẹ̀kọ́ rẹ̀: fún èèyàn ní ohun tí kò tọrọ. Ẹ̀bùn wo ló tún ju èyí lọ? Ọkùnrin wo ló máa gbàgbé irú ẹ̀ láéláé?

"Èmi nìkan ni mo ni ín," ó wí.

Pijó rọra gbéra, ó lọ.

Wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ níwájú gbogbo àwọn tó ń pè é ní àǹtí mi. Wọ́n ta mílíìkì náà níye tí ìjọba dá lé e, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì tò lórí ìlà, kò sẹ́ni tó wojú ẹ̀. Sewanu náà tò. Ta ló máa dá a lẹ́bi? Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa, wọ́n gbé Dosi lọ sí àtìmọ́lé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n tó fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé, ó jókòó ní Ikoga nínú aṣọ tuntun, orúnkún rẹ̀ méjèèjì wú. Wọ́n wo ọ̀nà títí oòrùn fi wọ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó sórí àga méjèèjì.

"Bóyá ẹ̀rù ló ń bà á," Dosi ní.

Ìyá wọ yàrá lọ. Ó gbé ìgò òróró Tàjùdíìnì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa orúnkún ọmọ rẹ̀.

Dosi dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣebí bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, á pòórá, á tún padà dé. Nígbà tí kò rí i, ó wọ bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà Seme lọ. Kò tíì jìnnà tó fi rí Pijó funfun níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Tàjùdíìnì wà lórí bẹ́ǹṣì, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bi obìnrin náà bóyá ara bàbá rẹ̀ ti yá. Ó yíjú, ẹ̀rín sì bo ẹnu rẹ̀.

"Ha, oníbàárà mi! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Dosi gbé gbogbo èébú tó ti tò sẹ́nu láti Àgbádárìgì mì, ó sún mọ́ tábìlì. Obìnrin náà dìde, ó bi í ní ohun tó fẹ́ rà.

"Mílíìkì," Dosi wí.

Agolo mẹ́ta ló wà lórí tábìlì. Obìnrin náà wo ojú Tàjùdíìnì kó tó dáhùn.

"Wọ́n ti sanwó àwọn mẹ́ta yẹn, àǹtí mi," ó ní. "Ẹ tún padà wá."